Àwo Méje ní Challenge

  

Bó bá ti kàn mí láti kọ nǹkan síbí, ojúbọ tàbí odò ni mo máa ń kọ nípa rẹ̀. Ilé oúnjẹ ni tòní. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ti di ajẹunkáàkiri o. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìlọrin, ló pè mí. Ó ní, "Mọ́mì Irá, ẹ wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ mú yín lọ jẹun." Mo ní ṣé oúnjẹ ti tán ní Irá ni? Ẹ̀rín pa á. Ó ní oúnjẹ tí òun ń wí kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó lásán, pé àwo méje ni, díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá, àwo kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀. Alásè ló máa yan ohun tí a máa jẹ, àwa kàn máa jókòó ni. Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ jẹun ò ní yàn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún béèrè nǹkan kan. Ó ní àwọn ilé oúnjẹ náà fi ìwé ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, pé kí á kọ ọ́ síbẹ̀ bí ohun kan bá wà tí ara wa kò gbà. Bóyá ẹ̀pà ni o, bóyá edé ni. "Mọ́mì, kí ni kí n kọ fún yín?" Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Kọ pé kò sí." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Láti Irá dé Ọ̀fà, ọ̀kadà ni. Láti Ọ̀fà, mo wọ mọ́tò, mo bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Challenge. Ẹni tó bá mọ Challenge mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ fún ìsinmi. Kò jìnnà sí Post Office, ariwo ibẹ̀ sì kì í lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́kọ̀ ń pe èrò, ọmọ tó ń ta ìbòrí fóònù ń di èèyàn lápá mú, ẹni tó ń sun àgbàdo ń fẹ́ iná, èéfín ẹ̀ ń wọ ojú ẹni tó ń ta ìwé. Mo dúró sẹ́bàá títì, mo ń wo àwọn ilé alájà, mo ń bi ara mi pé inú èwo ni wọ́n ti ń gbé àwo méje fún ènìyàn kan nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí.

Kí n tó wọlé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìlọrin, fún àwa tí a ń bọ òrìṣà, kì í ṣe ìlú tí a ń wọ̀ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé bàbá wa náà ni. Orúkọ ìlú ọ̀hún gan-an, ọwọ́ Ògún ló ti wá: ìlọ irin, òkúta tí àwọn ará ìgbàanì ń lọ irin wọn lé lórí, tó ṣì wà ní Ìdí-Àpé. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ń ṣàkóso ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti Àlímì àti àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìlú ti di ìlú àáfà, èmi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rántí ọdún 2023. Ìyá olórìṣà kan fẹ́ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin, àwọn kan lọ bá a pé kò gbọdọ̀ ṣe é, ọ̀rọ̀ náà sì di ńlá débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́míà. Láti ọdún yẹn, bí mo bá ń lọ Ìlọrin, mo máa ń ti ìlẹ̀kẹ̀ mi sábẹ́ ẹ̀wù. N kì í bọ́ ọ o. Mo kàn ń tì í sábẹ́ ẹ̀wù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ kọ ọ́ pé kò sí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé oúnjẹ náà wà. Bí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ariwo Challenge dúró síta bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Tábìlì mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ògiri funfun, wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kan sí igun, èyí tí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìkòkò Dada ni, torí ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin kì í fara sin. Ọtí kò sí níbẹ̀ rárá. Sóbò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa, pẹ̀lú ata ilẹ̀ tó ń ta èèyàn lọ́fun.

Ọmọbìnrin tó ń sè é kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi. Ó wé híjáàbù, ó wọ ẹ̀wù funfun alásè. Ọmọ Ìlọrin ni, ó kọ́ṣẹ́ l'Ékòó, ó tún lo ọdún díẹ̀ ní ilẹ̀ Spéènì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan, ẹ ṣáà máa jẹ." Ó ní gbogbo ayé ni òun fẹ́ gbé wá sórí tábìlì wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọjà Ìlọrin ni òun ti ra nǹkan.

Ọmọ àbúrò mi ti ka nípa àwọn oúnjẹ yìí gan-an, ó ń là mí lọ́yẹ̀. Ó ní àwọn ará Japan ń pe irú ẹ̀ ní omakase, tó túmọ̀ sí pé "mo fi í lé ọ lọ́wọ́." Ó ní ọmọ wa kan wà l'Ékòó, Michael Elégbèdé, tó ṣiṣẹ́ ní New York, ní ilé oúnjẹ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé, kó tó padà wálé dá tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ tó sì sọ ọ́ ni Ìtàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ó ní obìnrin kan ń bẹ níbẹ̀, Adejoké Bakare, Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ, Chishuru ni orúkọ ilé oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Chishuru, ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bá àwọn èèyàn nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn ló túmọ̀ sí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn Michelin fún un ní ìràwọ̀ kan, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ta ni Michelin? Ó ní àwọn tó ń ṣe táyà ọkọ̀ ni. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, àṣé òtítọ́ ni: ọdún 1900 ni wọ́n ti ń ṣe ìwé tó ń júwe ibi tó dáa fún àwọn awakọ̀, kí wọ́n lè máa rìn, kí táyà lè máa jẹ. Ẹ ò rí ayé.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni pé ẹ̀kuru wà lára ohun tí Adejoké ń gbé fún àwọn òyìnbó. Ẹ̀kuru! Oúnjẹ tí àwọn ọmọ wa nílé ń yọ imú sí, tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ ẹbọ.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe mí bí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí. Kí la ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ? Ẹnì kan jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni yan nǹkan. Wọ́n gbé omi wá, wọ́n sọ ohun tí omi jẹ́, wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu. Wọ́n gbé iyọ̀ wá, wọ́n sọ tiẹ̀. Oyin dé, obì dé, orógbó, ataare, epo pupa, ẹja àrọ̀, ìrèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, gbogbo ilé á tọ́ ọ wò tẹ̀lé ọmọ. Kò sí ẹni tó ń yó níbẹ̀. Ìtọ́wò ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti jẹ àwo tó ju méje lọ kó tó mọ ojú ìyá rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ ọ́ fún alásè." Mo ní rárá, jẹ́ á jẹun.

Àwo àkọ́kọ́ dé. Àwo náà fẹ̀ bí ọpọ́n, ohun tó wà láàárín rẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Alásè fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ní, "Ìrìn àjò wa bẹ̀rẹ̀ láti Bràsíìlì, ní Bahia. Acarajé ni wọ́n ń pè é." Mo wò ó. Àkàrà ni. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa, tí wọ́n là nínú, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ kan tó ki sí i, ọbẹ̀ tó ní edé gbígbẹ, àgbọn àti ẹ̀pà nínú. Vatapá ni ó pe ọbẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ará ilé, àyà mi là gàà.

Ẹ̀yin àgbà mọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ sí Bahia, wọn ò rí aṣọ gbé, wọn ò rí owó gbé, ṣùgbọ́n òrìṣà bá wọn lọ, oúnjẹ òrìṣà sì bá òrìṣà lọ. Ìyánsàn-án ni wọ́n ń pe Ọya lọ́hùn-ún, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án, Iansã ni wọ́n ń kọ ọ́. Orúkọ acarajé yẹn kì í ṣe nǹkan méjì, "àkàrà" àti "jẹ" ni. Àwọn obìnrin tó ń tà á ní ìlú Salvador máa ń wọ aṣọ funfun, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wọn sọ́rùn. Ìta gbangba ni wọ́n fi í sí o, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀wù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì ń pè ní ti Bárbárà Mímọ́, pupa ni ìgboro máa ń pọ́n níbẹ̀ nítorí Ọya. Ìjọba Bràsíìlì pàápàá kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà yìí sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè ní ọdún 2005.

Kò sì rọrùn fún wọn. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, wọ́n fẹ́ lé àwọn alákàrà kúrò ní àyíká pápá Fonte Nova, torí òfin àwọn tó ni bọ́ọ̀lù. Àwọn obìnrin náà fárígá, wọ́n sì gba àyè fún díẹ̀ nínú wọn láti tà níbẹ̀. Àwọn ajíhìnrere kan tún wà níbẹ̀ tó ń dín àkàrà kan náà, epo kan náà, ẹ̀wà kan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pè é ní àkàrà Jésù, kí wọ́n má baà pe orúkọ ẹni tó ni ín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Alásè wa kì í ṣe irú wọn. Ó dúró níwájú mi, ó ń sọ bí òun ṣe rí i lórí fídíò, bó ṣe ya òun lẹ́nu pé àwọn ará Bràsíìlì náà ń jẹ àkàrà. Kò mọ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo wo Àlájì kan tó jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní tábìlì kejì, mo fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ mi lábẹ́ ẹ̀wù, mo ní, "Ó dùn gan-an, ọmọ mi." Ó sì dùn lóòótọ́.

Àwo kejì jẹ́ wàrà. Ẹ mọ̀ pé Ìlọrin ni wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é, wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fi omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì. Alásè sun tirẹ̀ lórí iná títí ara rẹ̀ fi pọ́n, ó da oyin lé e, ó wọ́n ata gígún sí i. Ó ní àwọn ará Sáípúrọ́ọ̀sì ní irú wàrà tí iná kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo lágbára ni, mi ò bá ní kó gbé méjì sí i wá. Ẹkẹta, omi ọbẹ̀ lásán nínú ife kékeré, irú wọ̀ọ̀rọ̀ àti miso àwọn ará Japan ni ó pò pọ̀. Èyí yà mí lẹ́nu. Irú ilẹ̀ wa ni wọ́n ń ṣe láti ara èso igi igbá, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń ṣe tiwọn, méjèèjì ni wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀ títí á fi tú òórùn, àfi bí ìbejì tí wọn ò tọ́ pa pọ̀. Ọmọ àbúrò mi ní òun ò fẹ́ràn òórùn rẹ̀. Mo gba tiẹ̀ mu.

Lẹ́yìn àwo kẹta, gbogbo nǹkan dúró. Ìrun Màgàríbì tó. Alásè fi ṣíbí sílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ náà lọ, Àlájì dìde. Àwa tó kù jókòó. A lè gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sáláṣí tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ń gba ara wọn lẹ́nu lókè Challenge. Mo jókòó, mo sinmi. Mo fẹ́ràn ibi tí oúnjẹ ti lè dúró de àdúrà. Èmi náà rọra gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kẹ̀, mo sọ tèmi.

Ẹkẹrin jẹ́ ẹja, tí wọn ò fi iná kàn, tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa lójú bí àwọn ará Pẹ́rù ṣe ń ṣe é. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Mo jẹ ẹ̀là kan, mo mu omi.

Ẹkarùn-ún wá dé.

Kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti kan mí. Ọmọ náà jáde wá fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, mo sì rí i pé èyí ni àwo tó ti ń retí kó gbé fún wa láti ìrọ̀lẹ́. Ó ní Mòrókò ni a dé yìí. Ó ní láti àná ni òun ti gbé e kaná, iná kékeré, pẹ̀lú agbálùmọ̀ dípò èso tí àwọn ará Mòrókò ń lò, torí pé agbálùmọ̀ kò ní í pẹ́ tán lọ́jà. Ó ní, "Àgbò ni, Mọ́mì. Ẹ ò nílò ọ̀bẹ."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ àgbò. Ìtàn tó fà á pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní ilé tiwa, wọ́n ní àgbò ni ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ Ọya. Ṣàngó ń jẹ àgbò, àwọn tó ń bọ Ṣàngó ń jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ wọn. Ọya kò fẹ́ ẹ, àwa kò sì fi kan ẹnu. Láti kékeré mi, èmi tí mo dàgbà ní Irá níbi tí Ọya ti wọlẹ̀, n kò mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu.

Mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé kò sí. Tá ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Ọmọ àbúrò mi mọ̀ pé n kì í jẹ ẹ́, àmọ́ kò mọ ìdí rẹ̀, torí pé bàbá rẹ̀ ti ń kírun kí wọ́n tó bí i, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ní, "Inú mi ti kún, ọmọ mi. Má bínú." Irọ́ kejì nìyẹn.

Ọmọ náà kò lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo àwo, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó ń rùn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi tí kò bá dáa." Omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Àná ni ó ti gbé e kaná. Mo wá rò ó pé èmi àgbàlagbà yìí, mo fẹ́ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ sùn lálẹ́ yìí pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ òun kò mọ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí láti pe orúkọ ìyá mi.

Mo fa ìlẹ̀kẹ̀ mi yọ. Mo ní, "Oúnjẹ rẹ dáa. Ọya ni mò ń bọ. Àwa kì í jẹ àgbò."

Ilé náà pa lọ́lọ́. Ká ní Adejoké wà níbẹ̀, á ní Chishuru rèé.

Ọmọ náà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé, Mọ́mì?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo ní, "Ìwé yín béèrè ohun tí ara mi ò gbà. Ara mi lè gbà á. Orí mi ni kò gbà á." Ó rò ó díẹ̀. Ó wá fa àga kan, ó jókòó, ó ní ní Spéènì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni òun fi odindi ọdún kan sè, ojoojúmọ́, òun kò sì tọ́ ọ wò rí. Ọ̀rẹ́ òun kan ló máa ń bá òun tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀gá àwọn kò gbà pé ẹni tí kò tọ́ oúnjẹ wò lè sè é, ó ń fi òun ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn wà níbẹ̀ kó máa ṣàlàyé ara ẹ̀."

Àlájì tó wà ní tábìlì kejì gbé orí sókè. Mo múra sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá tó bí bàbá mi kì í jẹ àgbò. Ọjọ́ Iléyá, ewúrẹ́ ni wọ́n máa ń wá fún un. Kò sí ẹni tó sọ ìdí ẹ̀ fún wa." Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó tẹrí padà sídìí àgbò tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

Alásè bi mí pé kí ni kí òun wá sè fún mi dípò rẹ̀, kí ni Ọya ń jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "O ti sè é. Òun lo kọ́kọ́ gbé fún mi." Ìgbà náà ni mo wá sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí fún un, Bahia, Ìyánsàn-án, gèlè funfun, gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣí ẹnu. Ó ní òun ti ń sọ fún àwọn èèyàn láti oṣù mélòó kan pé láti Bràsíìlì ni. Mo ní ìyẹn kò ní irọ́ nínú, ó lọ, ó sì padà wálé ni.

Ó dìde, ó ní òun máa dín òmíràn. Mo ní bí ó bá máa dín in, kó jẹ́ mẹ́sàn-án, kó má sì fi ọbẹ̀ kankan sí i. Ó dín mẹ́sàn-án, kéékèèké, ó tò wọ́n sínú àwo amọ̀ kan. Mo mú ọ̀kan, mo dúpẹ́, mo ní, "Àkàrà Ọya ni o, ẹni tó bá wù kó mú." Ọmọ àbúrò mi mú. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wà lẹ́bàá fèrèsé mú, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ná. Àlájì mú ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní òun yó. N kò bínú sí i, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lo gbólóhùn yẹn ni.

Àwo kẹfà àti ìkeje, ẹ jọ̀wọ́, n kò rántí wọn dáadáa. Èso kan wà nínú ìkẹfà. Ìkeje jẹ́ àádùn tí wọ́n fọ́ sórí áísíkiriìmù kòkó, ó dùn, àmọ́ ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò mi ló san owó, ó sì kọ̀ láti sọ iye tó jẹ́ fún mi títí di òní. Mo rò pé ó mọ̀ pé mo máa kà á sí iye ewúrẹ́.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, alásè sá tẹ̀lé wa lórí àtẹ̀gùn. Ó mú fóònù dání. Ó ti yí ìwé tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn padà, ó fẹ́ kí n wò ó bóyá ó tọ́. Lábẹ́ ibi tó ti béèrè ohun tí ara kò gbà, ó fi ìlà kan sí i: "Ṣé ẹ ní èèwọ̀?" Àmì ohùn kan ṣoṣo ni mo bá a tún ṣe.

Challenge ti ń pa díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń sun àgbàdo ti ń da omi sí iná. Ọmọ àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ mọ́tò rẹ̀, títí ó fi kọjá Post Office. Ó wá ní, "Mọ́mì Irá, ṣé èmi náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ ni? Èmi ọmọ àbúrò yín?"

Mo ní, "Kí lo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Mọ́mì, Iléyá ku oṣù méjì o."

Mo ní kó máa wo iwájú, kó má gbá wa mọ́ kẹ̀kẹ́. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún wá jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí n sọ ìtàn àgbò àti Ọya fún òun. Mo sọ ọ́. Ó pẹ́ kí a tó sùn.